Ìpànìyàn ní Abúlé Tí Ó Pa Rọ́rọ́: Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìlú Yorùbá

Nínú eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì, abúlé kékeré tí ó pa rọ́rọ́ ni ìpànìyàn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni St Mary Mead, ibùdó ìtàn The Murder at the Vicarage tí Agatha Christie kọ ní 1930. Ní 1984 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ìtàn Miss Marple hàn, tí Joan Hickson kó ipa ìyá arúgbó náà. Midsomer Murders bẹ̀rẹ̀ lórí ITV ní 1997.

Ìdákẹ́jẹ́ abúlé yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun gan-an ni ó sé agbo mọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn. Àlejò kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà apànìyàn kò lè kúrò láàrin ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá tí òǹwòran ti mọ̀. Miss Marple kò ní àṣẹ ọlọ́pàá, kò sì ní ìbọn. Ìwà aládùúgbò ni ó mọ̀. Yóò rántí ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí ó máa ń purọ́ nígbà kan rí, yóò fi í wé ọlọ́lá tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìtàn yìí wá sí gúúsù Èkìtì, agbo náà yóò tú. Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré kì í ṣe abúlé. Ìlú Ogóga, ti Arínjàlẹ̀ àti ti Elémùré ni wọ́n. Ahéré inú oko ni ó jọ abúlé, ẹni tí ó sì ń gbé ibẹ̀ ní agbolé baba rẹ̀ nílé. Bí ọdún Olósùnta bá dé ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ìlú yóò ti ọ̀nà jíjìn wọlé. Ta ni ẹni tí ń ṣe ìwádìí yóò kà mọ́ àwọn afurasí, ta ni yóò sì yọ sílẹ̀?

Abájọ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi gbé ìtàn tirẹ̀ gba ojú ọ̀nà. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlágbà Akàn (1971), Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, kò jókòó sí ibì kan dúró de ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé ni ó sún mọ́ Christie jù. Àkọlé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìbéèrè.

Ìyàtọ̀ tí ó wúwo jù wà lára ìyá arúgbó náà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, apànìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́: òkú a yọ sí i lóru, tàbí kí orí rẹ̀ dàrú kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjà. Èyí kò burú gẹ́gẹ́ bí ọnà. Ó bá èrò àwọn tí ń fi irin Ògún búra ní kóòtù mu. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìjẹ́wọ́, ta ni àdúgbò ń nàka sí? Ìyá arúgbó tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí ó ń dá gbé, tí ó sì mọ àṣírí gbogbo ilé ni. Obìnrin yìí kan náà, ìwà kan náà, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú fíìmù tiwa, àjẹ́ ni wọn ó pè é, òǹwòran kò sì ní béèrè ẹ̀rí. Nínú eré Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí abúlé kọ́kọ́ fura sí sábà máa ń jẹ́ aláìṣẹ̀, ẹ̀rí ni ó sì ń gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú eré yìí fún Ìkẹ́rẹ́ ní láti wá obìnrin mìíràn fún iṣẹ́ náà. Ìyá eléèlùbọ́ lẹ́bàá ọjà yẹ ẹ́. Ó mọ ẹni tí ó ra nǹkan ní ìrọ̀lẹ́, ó mọ ẹni tí ó yà kúrò lọ́nà kí wọ́n má baà pàdé. Ó bímọ, ó ní ìsọ̀, bí ó bá sì bi ènìyàn pé ibo ni ó ti ń bọ̀, ìkíni lásán ni wọn ó pè é.