ÌDAJÌ ỌJỌ́ NÍNÚ ÌBÀDÀN: LÁTI ÒKÈ AÀRẸ DÉ DÙGBẸ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti wọ ọdún kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ àròkọ lórí ìtàn Ìbàdàn, tí ó ń tú oríkì Olúyọ̀lé palẹ̀ nínú kíláàsì, tí ó sì ń gba máàkì lé e lórí, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ Mápó rí. Bódìjà la mọ̀, Agbówó la mọ̀, Ṣáńgò náà la mọ̀ nítorí pé ibẹ̀ la ti ń wọkọ̀. Ẹlòmíràn á lo ọdún mẹ́rin gbáko, á gba ìwé ẹ̀rí, á sì padà sí ìlú rẹ̀ láìmọ ìhà ibi tí Ọjàaba wà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè fi ìdajì ọjọ́ péré rí ti àtijọ́ àti ti òde òní nínú ìlú yìí, àti ohun tí ó yẹ kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa wá bí ó ti ń lọ.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ni a da owó jọ, tí a háyà takisí kan láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago kan ọ̀sán. Ọkọ̀ akérò kò wúlò fún irú ìrìn báyìí, nítorí ibi tí òun ń lọ ni yóò gbé yín lọ, kì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ rí. Ẹ parí ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì ka ìdúró mọ́ ọn, torí ìdúró ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ fara balẹ̀ yan awakọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ bíbí ìgboro tí ó ti dàgbà díẹ̀ ni ó dára jù. Bàbá tí ó gbé wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí a ti kí i tán ni ó wo aṣọ ọrùn wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé Kòkó Háòsì lẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò sí ni?" A ní, "Rárá o, bàbá, Òkè Aàrẹ la fẹ́ kọ́kọ́ dé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣíná ọkọ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí a ti Òkè Aàrẹ bẹ̀rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni Ìbàdàn ti ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ilé gogoro kan wà níbẹ̀ tí ó ga tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po títí dé òkè. Bí ẹ bá yọrí lókè, gbogbo ìgboro á tẹ́ lọ níwájú yín: òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, òkè kan lẹ́yìn òkè kan, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé ńlá Dùgbẹ̀ lọ́hùn-ún tí ó yọ gànnàkù láàárín wọn. Ẹni tí ó bá rí i láti ibẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí àwọn jagunjagun fi yan ibí. Ìtàn Lágelú ti wà ṣáájú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí a ń wò yìí jẹ́ ibùdó ogun tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni, létí igbó àti pápá. Òkè wà láti máa ṣọ́ ọ̀tá, igbó sì wà láti sá sí.

Ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ogun kò ní ààfin àtayébáyé bíi ti Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Àlejò tí ó bá dé tí ó ń béèrè pé níbo ni ààfin àwọn ọba Ìbàdàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wà, ìbéèrè rẹ̀ ni kò bá ìlú mu. Ilé olóyè kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ń bá a gbé nígbà náà, bí oyè bá sì kan ẹlòmíràn, ìjọba á kó lọ sí agbo ilé tirẹ̀. Nítorí náà, agbo ilé gan-an ni ohun àtijọ́ tí ó yẹ kí a máa wò ní Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ó kọ àkọlé sí i lára. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí Bẹẹrẹ, bàbá awakọ̀ wa ń fi ìka han agbo ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń sọ ogun tí baba ńlá ìdílé náà jà àti oyè tí ó jẹ, ó sì ń ki àwọn mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ó dúró kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá ń kọ ọ́ kò ní gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé gogoro náà, nítorí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain R. L. Bower, òyìnbó tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1893, lẹ́yìn tí ìlú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bower yìí kan náà ni ó yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé títí dòní. Mo bi bàbá awakọ̀ wa pé ta ni Bower. Ó ní, "Òyìnbó kan ni." Mo ní, "Kí ni ó ṣe, bàbá?" Ó ní, "Ọmọ mi, Láyípo ni àwa mọ ibẹ̀ sí." Orúkọ tí ará ìlú fún un nìyẹn, nítorí àtẹ̀gùn tí ń yí po, wọ́n sì fi í bo ti Bower mọ́lẹ̀ láìṣe ìpàdé kankan lé e lórí. Àwa tí a ń kọ́ nípa orúkọ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, ṣé a ti kọ irú èyí sílẹ̀ rí? Ọdún 1936 kan náà ni oyè olórí ìlú kúrò ní Baálẹ̀ tí ó di Olúbàdàn, nígbà Okùnọlá Abáàsì Aleṣinlóyè.

Mápó kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Gbọ̀ngàn tí ó wà lórí òkè náà, pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀, ọdún 1929 ni Gómìnà Graeme Thomson ṣí i. Ẹnjiníà òyìnbó kan, Taffy Jones, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá wò ó lójú kan, ẹ ó ní ilé òyìnbó ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti gbà á ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn joyè. Ibẹ̀ ni Ọba Rashidi Ládọjà, tí ó ti jẹ gómìnà Ọ̀yọ́ rí, ti gba oyè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ìlà méjì ni oyè yìí ní, ìlà àgbà ìlú àti ti Balógun. Ẹni kọ̀ọ̀kan á máa gun àkàbà tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà méjèèjì á sì máa gba ìtẹ́ ní àgbàkàn. Ìdí nìyí tí ìjà oyè kò fi pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé arúgbó ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́ kí wọ́n tó dé orí rẹ̀.

Mápó tún rí ọjọ́ kíkan. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà kóra jọ lọ síbẹ̀ nítorí owó orí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san, kò ní lé kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa òǹkà Yorùbá, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ, ìyẹn 20,000. Nígbà tí owó òyìnbó dé, ṣílè márùn-ún ni wọ́n kà sí ọ̀kẹ́ kan, nítorí náà ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́ ní 1968, síbẹ̀ òun ni àgbẹ̀ fi ń ṣírò ohun tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, owó orí wá sílẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ìsàlẹ̀ Mápó ni Ọjàaba. Kí aago mẹ́wàá tó lù ni kí ẹ ti kọjá níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ lẹ ó wà títí ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ọjà Ọba ni wọ́n súnkì tí ó di Ọjàaba. Ọjà Ìbà ni, ọjà Baṣọ̀run Olúyọ̀lé. Ìpàrójẹ fáwẹ́lì ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, ìtàn nìkan ni ó sì lè tọ́ wọn sọ́nà.

A gba ibẹ̀ dé Kúdẹtì, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St. David wà. Ọdún 1853 ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá jókòó sí ìlú yìí. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, láti kọ́ níwèé, àwọn sì ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó kàwé ní Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òyìnbó méjèèjì. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà jẹun. Ibi jẹ́jẹ́ ni Kúdẹtì. A kò pẹ́ níbẹ̀.

Láti Kúdẹtì a gba Òkè-Àdó já sí Dùgbẹ̀. Níhìn-ín ni Kòkó Háòsì wà, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ó ga ní mítà 105, tí wọ́n ṣí ní 1965. Àwọn tí ó kọ́ ọ fi ń yangàn nígbà náà pé kò sí èyí tí ó ga tó o ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Àgbẹ̀ kì í ta kòkó fún òyìnbó fúnra rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ni ó ń rà á ní iye kan tí wọ́n ti dá ṣáájú. Iye náà kì í tó èyí tí wọ́n ń tà á sí òkè òkun, èlé tí ó bá sì ṣẹ́kù a bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ilé yìí ti jáde, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọlọ́kọ̀ọ́ kòkó. Ó rí ilé náà láti ojú títì nígbà tí ó wá sí Ìbàdàn, kò sì wọ inú rẹ̀ rí títí ó fi kú. Kì í ráhùn nípa rẹ̀; ó máa ń sọ pé "ilé wa" ni. N kò lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Mápó dé Dùgbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà á rí i pé ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí ilé kòkó àti ìgbà tí ọlọ́kọ̀ọ́ kòkó dìde pé òun kò lè san owó orí.

Iná jó ilé náà ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà ṣí ní 1992. Ẹ lè yà wo ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ níbẹ̀. 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ti òde òní, tí wọ́n ṣí ní 2021, ó wà ní Mọníyà, kò sì lè wọ inú ìdajì ọjọ́.

A gba ẹ̀gbẹ́ Agodi padà, níbi tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, a sì wọ ọgbà yunifásítì bí aago ṣe ń sún mọ́ ọ̀kan. Ọgbà wa fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí àlejò ń wá wò. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Maxwell Fry àti Jane Drew ni ó sì ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wo ara ògiri tí wọ́n dá lu bí asẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ojoojúmọ́ là ń gba ibẹ̀ kọjá láìgbójú sókè.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ ka Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ ní èdè Yorùbá ní 1911, ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó di Olúbàdàn ní 1955. Ẹ kọ orúkọ àwọn agbo ilé tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀. Bàbá tí ó gbé wa gba tiwa, ó kà á, ó ní méjì kù nínú rẹ̀. Ó sọ wọ́n fún wa, ó sì dúró títí a fi kọ ọ́ tán.