Èèwọ̀ Rọ́bà Sílíkóònù

Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kọjá nígbà tí ọsàn bá pọ́n, tí ó sì rí bí àwọn ìyá ọlọ́sàn ní Fìdítì ṣe ń to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ títí tí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì fi jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ní agbègbè Afijio. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti dá oko ìtẹ̀dó àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọra, àní ṣáájú rẹ̀ pàápàá, ohun tí ilẹ̀ yìí bá mú jáde, ọkọ̀ ni ó ń gbé e dé ọjà; bí ọkọ̀ bá sì hó lójú ọ̀nà ní ọ̀sán gangan, ọsàn kì í dúró de ẹni tí ń wá omi kiri.

Nígbà púpọ̀, ohun tí ń fa irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ kò tóbi rárá: rọ́bà omi tí ó so rédíétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni. Rọ́bà dúdú ni a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ooru ń sọ di gbígbẹ títí yóò fi sán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ Tòkunbọ̀ mìíràn, ẹ ó rí rọ́bà búlúù tàbí pupa tí ń dán, tí a fi aṣọ híhun há sí agbede méjì ara rẹ̀. Sílíkóònù nìyẹn, ọmọ yanrìn, nítorí láti inú yanrìn ni a ti ń fa èròjà rẹ̀ yọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frederic Kipping ní ìlú Nottingham ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, òun alára kò sì retí pé yóò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di ohun ìlò, nígbà tí a dá ilé iṣẹ́ Dow Corning sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943. Ooru tí ó tó 180 lórí ìwọ̀n Celsius kò ba irú rọ́bà yìí lẹ́rù.

Akíkanjú náà ní èèwọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ ọ̀hún gan-an ni a sì ń fi bọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní ilẹ̀ wa, bẹntiróòlù ni ọṣẹ: òun ni a fi ń fọ pọ́lọ́ọ̀gì, òun ni a fi ń fọ béárìn, òun ni ọmọ iṣẹ́ fi ń ṣan ọwọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. N kò bá irin jà. Irin gba epo, ó sì ń mọ́. Sílíkóònù ni kò gbà á. Bí bẹntiróòlù, dísù tàbí kẹrosíìnì bá kàn án, ńṣe ni ó ń mu ún, tí ó sì ń wú bí gààrí tí ó bọ́ sómi. Bí a bá sì ń ṣe é léraléra, ara rẹ̀ a máa rọ̀ títí agbára tí ó fi ń di omi gbígbóná mú yóò fi tán. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gé e fi ṣe rọ́bà epo. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ dí ibi tí òróró ẹ́ńjìnnì ti ń jò lé e lórí, kí a tó máa fọ̀ ọ́. Kí a má tilẹ̀ sọ ti iná: oru bẹntiróòlù a máa rìn jìnnà sí ibi tí a da epo sí, iná kékeré kan tí ó ta pàrà láti orí bátìrì sì tó láti pè é wálé. Bí àwọn ọmọ Ògún Lákáayé bá ń bọ baba wọn, kì í ṣe irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń bèèrè.

Ìkánjú ni ọ̀tá kejì. Ìdérí rédíétọ̀ kò wà fún dídé lásán. Ó há omi mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ì bá hó ní 100 fi lè gbóná dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ẹni tí ó bá ṣí i ní kété tí ọkọ̀ dúró, ìbáà fi àkísà wé ọwọ́, ojú àti àyà ni yóò fi gba ohun tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù títí ọwọ́ yóò fi lè gbé orí rẹ̀ láìyára fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, kí a tó fọ rọ́bà náà, kí a yọ wáyà négátíìfù kúrò lórí bátìrì, kí a sì fi ọ̀rá bo álítínétọ̀, àpótí fíúùsì àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò tíì bá ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, pàdé. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, kí a wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le, pẹ̀lú kànìnkànìn rírọ̀, fọ rọ́bà náà láti ìdí dé orí. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń tú omi pẹ̀lú ipá kò sí níbẹ̀. Ife kan ti tó láti fi ṣan án. Bí àbàwọ́n òróró bá ṣe agídí, kí a fi àkísà tí a rẹ díẹ̀ sínú sípírítì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ nù ún, níbi tí iná kò sí. Ní ti òróró tí àwọn kan ń fi pa á kí ó lè máa dán, owó òfò ni, bí ó bá sì ta sí bẹ́líìtì fáànù, bẹ́líìtì yóò máa yọ̀.

Bí ọwọ́ bá ti ń lọ lára rọ́bà, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí ó wú, ibi tí ó rọ̀ ju ìyókù lọ, àti ní pàtàkì abẹ́ kílíìpù, nítorí sílíkóònù kò le tó rọ́bà dúdú, kílíìpù tí inú rẹ̀ ní ihò a sì máa gé e wọlé. Èyí tí inú rẹ̀ tẹ́jú ni kí a rà, kí a má sì fún un bí ẹni tí ń bá a jà. Bí a bá tú rọ́bà náà sílẹ̀, omi tí ó mọ́ ni kí a fi ṣan inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi aláwọ̀ tí yóò dà jáde láti inú rédíétọ̀ nígbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró sílẹ̀. Oró wà nínú rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu, èyí tí ó mú un burú fún ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, ẹ má sì dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga.