Epo Inú Ọ̀rá Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

Ẹni tó bá ti ra àkàrà gbígbóná tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ti fojú rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Kó tó délé, epo àkàrà á ti rin bébà náà gbindin, tàdáwà á sì ti kó sára àkàrà. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń yọ àwọn atẹ̀wé lẹ́nu lórí ọ̀rá vinyl tí kò ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì lè ṣí kúrò láìfi àmì sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òun ni àwọn mẹkáníìkì ń kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì sí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igun gíláàsì iwájú mọ́tò.

Epo wà nínú ọ̀rá yìí náà, Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló sì ti wọ inú rẹ̀, lọ́dún 1926. Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich tó ń ṣe táyà, ń wá ohun tó lè fi lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ó mú ike PVC, èyí tí wọ́n fi ń ṣe vinyl. Eugen Baumann ti kíyè sí ike yìí ní Jámánì láti 1872, àmọ́ ó le gbagidi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni. Semon fi èròjà olómi tí kì í tètè fà gbẹ sè é; irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní epo. Àtè tó ń wá kò jáde. Nǹkan rírọ̀ tó ń nà bíi rọ́bà, tí omi kò lè wọ̀, ló bá nínú ìkòkò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́tìnì ilé ìwẹ̀ àti aṣọ òjò.

Ní 1951, tọkọtaya kan ní New York, Harry àti Patricia Kislevitz, tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, gé vinyl sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ wọn tí wọ́n fi ọ̀dà dídán kùn. Àwọn àlejò wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi í ya àwòrán síbẹ̀. Bí eré ọmọdé Colorforms ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wú mi lórí púpọ̀: ohun tí Semon fi wá àtè tí kò rí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó ń lẹ̀ láìsí àtè rárá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná mànàmáná kékeré, irú èyí tó ń mú aṣọ ta pàpàpà lára ẹni nígbà ọyẹ́, ló di ọ̀rá yìí mú mọ́ gíláàsì. Ó lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n rírọ̀ rẹ̀ ló ṣe kókó. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ á jáde, tòde á sì tì í mọ́ ọn.

Epo ló sì ń mú un rọ̀. Epo yìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọ̀rá náà, àmọ́ kò bá ike di ọ̀kan. Àárín rẹ̀ ló fara pamọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yọ jáde sójú. Tàdáwà tó bá bá a níbẹ̀ kò ní rí ibi dì mú. Ó lè ṣí bí èèpo, ó sì lè máa rọ̀ títí tí á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èyí tí wọ́n tò lé e. Bí wọ́n bá fi ọtí ìnunǹkan nù ún, ó mọ́ nísinsìnyí, epo mìíràn tún ń bọ̀. Tàdáwà pàápàá lè dá kún un: bí omi apòpọ̀ inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọ̀rá, yóò fa epo jáde, etí ọ̀rá á sì ká sókè.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọ̀rá yìí fi sábà máa ń sọ pé kí wọ́n tẹ nǹkan sí i lára láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tí wọ́n ṣe é. Ooru sì ń yá epo náà lẹ́sẹ̀. Róòlù tó bá pẹ́ nínú kọ̀ǹténà lójú oòrùn kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, ti dàgbà ju ọjọ́ tó wà lára páálí rẹ̀ lọ. Mo rọ oníbàárà àti atẹ̀wé kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí kí wọ́n tó sanwó.

Èyí tó bá sì pẹ́ jù lójú fèrèsé, epo rẹ̀ á tán. Á le, á súnkì, á sì já bọ́ sílẹ̀, ike gbagidi bí èyí tí Semon kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ ní Akron.