Owó Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní Aswani

Aṣọ ni aráàlú mọ Aswani mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti ń tú bélì òkirìkà, ibi tí owó bá sì ti ń yí, gbèsè kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn baba wa mọ bí a ti í gba owó lọ́wọ́ onígbèsè. Ológò a lọ jókòó ti ilé rẹ̀, a máa pariwo, a máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tó bá tọwọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń tajà láwìn káàkiri, gba orúkọ Òṣómàáló nítorí pé wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó wọn yóò fi pé. Ṣùgbọ́n aṣọ ni tiwọn. Ojú rí i, ọwọ́ bà á. Èmi, ìṣirò ni mo ń tà. Bí mo bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onílé, kí ni mo fẹ́ gbé lọ?

Ẹnjiníà tó ń ṣírò agbára ilé ni mí: bí irin inú òpó yóò ti nípọn tó, ohun tí dẹ́kìn lè gbé. Onílé a máa rí òógùn bíríkìlà, a máa ka àpò sìmẹ́ǹtì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń rí lọ́wọ́ mi kò ju ìwé mélòó kan lọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìjà owó ti ń bẹ̀rẹ̀, ju ìwà ahun tàbí jìbìtì lọ.

Àlàájà kan tí wọ́n ń ta òkirìkà ní kí n ṣírò ilé alájà kan fún àwọn, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá ìgbé lókè. Mo parí iṣẹ́, wọ́n san ìdajì. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò ní í fi òkè háyà mọ́, bélì làwọn yóò kó sí i. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Nígbà tí mo fi ìwé owó kejì ránṣẹ́, Àlàájà bínú. “Ẹnjiníà, ṣé torí ìlà díẹ̀ tí o tún fà sí i lo ṣe ń gba owó ilé mìíràn lọ́wọ́ mi? Ìyá rẹ ni mo jẹ́ o!” Wọ́n dá ìyókù owó àkọ́kọ́ náà dúró.

N kò fèsì lórí fóònù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán níbẹ̀. Mo fo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí ta ni yóò gbọ́ tẹni lọ́jọ́ ọjà? Ọjọ́rú ni mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń tọ́jú ìwé owó wọn, jókòó tì wá. Bélì ni mo fi ṣàlàyé. Bélì òkirìkà kan sábà máa ń wọn kìlò 55. Ilẹ̀ yàrá tí ènìyàn ń gbé, nǹkan bíi kìlò 150 la máa ń ṣírò fún mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bélì mẹ́ta ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ń to ẹrù sí dé gíga mítà méjì ń lọ sí kìlò 480, bí bélì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lójú kan náà. Àlàájà wo òkè àjà, wọ́n wo ọmọ wọn. “Ìyẹn ni pé ti tẹ́lẹ̀ ìbá wó?” Mo ní n kò lè búra pé kò ní í wó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dín owó kù. N kò dín in, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fara mọ́ èrò yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá já owó sílẹ̀ torí pé oníbàárà bínú, mo ti jẹ́rìí pé iye tí mo kọ́kọ́ pè kì í ṣe òótọ́. Ọjọ́ sísan ni mo lè sún. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà lọ́rùn mi ní sáà yẹn. Ìyàwó mi ló bá mi gbé e. Oṣù mẹ́rin ni Àlàájà fi san án tán.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Ojú ìwé kan ni Àlàájà ti fọwọ́ sí kí n tó fa ìlà àkọ́kọ́. Ó sọ ohun tí ilé náà wà fún, iye ìgbà tí n ó wá wo iṣẹ́, ìgbà tí ìdá owó kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, àti pé àyípadà tó bá dé lẹ́yìn àwòrán ní owó tirẹ̀. Ẹ̀yin onílé, ẹ béèrè fún irú rẹ̀, kódà bí ẹnjiníà yín bá jẹ́ àna yín.

Bí owó kò bá wá ńkọ́? Mo lè dá iṣẹ́ dúró, mo sì ti ṣe é rí. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n dákẹ́, torí orúkọ mi àti òǹtẹ̀ COREN wà lórí àwòrán tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí mo bá yọwọ́, mo ń kọ̀wé sí onílé àti sí LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ìkọ́lé l'Ékòó. Ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni aráyé rí lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ ní oṣù kejì ọdún 2020 pé àwọn yọwọ́. Owó kọ́ ni lẹ́tà náà sọ pé ó fà á, àmọ́ òun ló fi ọjọ́ tí ojú wọn kúrò níbẹ̀ hàn.

Fún gbèsè tó kù, ìlàjà ni mo kọ́kọ́ ń wá. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Bí ìyẹn kò bá yọrí sí rere, Small Claims Court ti wà ní kóòtù májísíréètì láti ọdún 2018, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ènìyàn lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì là sílẹ̀ láti parí ẹjọ́. Lẹ́tà tí a fi ń béèrè owó ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ irú rẹ̀. Ẹnì kan sanwó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kejì ní kí n wá jẹun nílé òun. Mo lọ, mo mú ojú ìwé àdéhùn wa lọ́wọ́. Ó san ìdajì níbi oúnjẹ, ó san ìyókù ní oṣù tó tẹ̀ lé e.