Ìwé Ìròyìn Géèmù Ń Kógbá Sílé: Kí Ló Ń Dun Àwọn Tó Ń Kà Wọ́n?

Bí ọmọ yín bá ń gbá géèmù lónìí, tó sì dé ibi tó le tí kò lè kọjá, kí ló máa ṣe? Kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi máa rí fídíò ẹni tó ti kọjá ibẹ̀ lórí YouTube. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1990, ńṣe ni ọmọ tó bá há sí irú ibẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń dúró. Ó lè dúró de ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ. Ó sì lè dúró títí oṣù á fi yí po, tí onílẹ́tà á gbé ìwé ìròyìn géèmù wá sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun àwọn tó ń kà wọ́n tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọ́n sì mọ̀ pé ìròyìn géèmù pọ̀ rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀. Kí wá ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì Kan Nínú Oṣù Kẹjọ

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn Game Informer sípàdé, wọ́n sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti parí. Ọdún 1991 ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí náà ó ti lo ọdún 33. GameStop, ilé iṣẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù káàkiri Amẹ́ríkà, ló ni ín. Nígbà tó ń tà jù lọ, àwọn tó ń gbà á lé ní mílíọ̀nù méje, torí pé ẹni tó bá san owó káàdì oníbàárà ní GameStop máa ń rí ìwé náà gbà mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tó kàn lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà já lù wọ́n.

Wọn ò fi mọ sórí bébà nìkan. Wọ́n pa ìkànnì ìwé náà dé pẹ̀lú. Àpilẹ̀kọ yòówù kí èèyàn fẹ́ ṣí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìdágbére kan ṣoṣo ló máa bá níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn òǹkàwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde lórí ìkànnì àjọlò. Àwọn kan ya àwòrán ìwé tí wọ́n ti tò jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àwọn míì wá èèpo iwájú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ní kékeré jáde. Àwọn oníròyìn géèmù náà sọ pé ìwé yìí làwọn kà dàgbà, òun ló sì jẹ́ kó wu àwọn láti ṣiṣẹ́ ìròyìn. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ máa rí i pé díẹ̀ ni wọ́n sọ nípa géèmù fúnra rẹ̀. Ẹni tó san owó ìwé náà fún wọn, àbúrò tí wọ́n jọ ń jà sí i, àti ọjọ́ tó máa ń dé, ni wọ́n ń rántí.

Ohun Tó Wà Nínú Ìwé Náà

Ẹ jẹ́ ká wo Nintendo Power, tí ilé iṣẹ́ Nintendo fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988. Géèmù ìgbà yẹn le, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tó ń gbá a. Ìwé náà máa ń ya ọ̀nà inú géèmù sílẹ̀ bí ẹni ya máàpù ìlú: ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ilẹ̀kùn tó fara sin, àti ọgbọ́n tí èèyàn lè dá sí ọ̀tá tó wà níparí. Ọmọ á tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo ìwé, á máa wo géèmù. Ó tún láyè fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ máa ń ya àwòrán aláràbarà sára àpòòwé lẹ́tà wọn, àwọn olóòtú á sì tẹ èyí tó dára jáde. Ẹ wo ayọ̀ ọmọ tó ń gbé ní ìlú kékeré tó rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń kà!

Ó ní ọjọ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi òǹkàwé ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá. Nínú ẹ̀dà oṣù Kẹrin ọdún 1992, Electronic Gaming Monthly sọ pé ọ̀gá ìjà kan tó ń jẹ́ Sheng Long fara pa mọ́ sínú géèmù Street Fighter II. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ jà dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá tó kẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ kankan bà á. Irọ́ gbuu ni, àwàdà ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ àwọn ọmọ ò mọ̀. Wọ́n ná owó ẹyọ tí wọ́n ní sínú ẹ̀rọ géèmù níbi tí wọ́n ń wá Sheng Long kiri. Lóde òní, wákàtí kan ti pọ̀ jù kí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tó tú. Ṣùgbọ́n títí di báyìí, àwọn tí wọ́n tàn jẹ ṣì ń fi ìtàn náà pa ara wọn lẹ́rìn-ín.

Kí Ló Lé Wọn Kúrò Nílẹ̀?

Ìyára ni. Ìwé olóṣooṣù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé gbogbo, ìròyìn tí wọ́n rò pé ó gbóná ti di kàsá kí ìwé tó jáde. Àwọn tó ń polówó ọjà tẹ̀ lé àwọn òǹkàwé lọ sórí ìkànnì, owó ìpolówó yìí ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ìwé náà ró. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà kò nílò alágbàsọ mọ́. Láti ọdún 2011 ni Nintendo ti ń fi fídíò Nintendo Direct bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Electronic Gaming Monthly dáwọ́ dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Ó padà wá lọ́dún 2010, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. GamePro, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, parí ní 2011. Nintendo Power tẹ ẹ̀dà ìkẹyìn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Official Xbox Magazine tẹ̀ lé wọn ní 2020. Àwọn tó ṣe Nintendo Power mú kí èèyàn rántí wọn: wọ́n ṣe èèpo iwájú ẹ̀dà ìkẹyìn kó lè jọ ti ẹ̀dà àkọ́kọ́, Mario ló sì wà lórí méjèèjì. Ẹni tó ti ń gbà á láti 1988 kò nílò àlàyé. Bó ṣe rí i báyìí, ó mọ̀ pé ó ti parí.

Àwa Ńkọ́?

Ládùúgbò tiwa, kò sí onílẹ́tà tó ń gbé ìwé géèmù kiri. Àwọn kan lára wa rí i torí pé mọ̀lẹ́bí ti London dé. Láàárín bàtà àti ọṣẹ tó wà nínú àpótí ẹrù, a lè bá ẹ̀dà kan nínú ìwé tí wọ́n ń ṣe fún PlayStation nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1995 sí 2004. Àwo sídì kan máa ń wà lára rẹ̀, tí wọ́n kó ìtọ́wò oríṣiríṣi géèmù sí. Ìwé kan ṣoṣo yẹn á yí gbogbo àdúgbò po títí èèpo rẹ̀ á fi ya. Bí a ò bá sì rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àwọn tí kò rí ìwé ń gba àṣírí géèmù lẹ́nu ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń sanwó gbá a.

Àwọn òbí wa náà mọ irú àdánù yìí. Láti ọdún 1967 ni Atọ́ka ti ń jáde, ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń fi fọ́tò tò léra wọn sọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé. Òun náà ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kó tó sọ ìtàn inú rẹ̀ fún yín, ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń rà á wálé, àti ẹni tó ń kà á sókè fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Bébà Kò Ṣeé Pa Bí Iná

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó kan gbogbo ìdílé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni GameStop fi pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́ lórí ìkànnì Game Informer. Ṣùgbọ́n kò lè wọ inú yàrá ẹnikẹ́ni lọ kó ìwé tó ti wà níbẹ̀. Ìwé tí ìyá kan ń kùn sí pé ó gba àyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti wá di ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà wáyé.

Àwọn kan ti ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Video Game History Foundation, tí Frank Cifaldi dá sílẹ̀ láti tọ́jú ìtàn géèmù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ibi ìkówèésí kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lé ní 1,500 ẹ̀dà ìwé ìròyìn géèmù àtijọ́ tí èèyàn lè kà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ náà kì í fìgbà gbogbo rọrùn. Ní 2016, wọ́n yọ àwọn ẹ̀dà Nintendo Power kúrò lórí Internet Archive torí pé Nintendo kò fọwọ́ sí i. Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó ni iṣẹ́, a ò sì lè bá a jiyàn. Síbẹ̀, ó dun àwọn tó fẹ́ fi ìwé ìgbà ọmọdé wọn han àwọn ọmọ wọn.

Ìròyìn ayọ̀ wá dé ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gunzilla Games gba Game Informer, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ padà, wọ́n sì dá àwọn àpilẹ̀kọ tó ti pòórá padà sí àyè wọn. Inú àwọn òǹkàwé dùn. Àmọ́ wọ́n ti rí i pé ọwọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn lè tì í.

Àwa tó ń kọ èyí náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì la wà. Kò sí ẹ̀dà wa kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Torí náà, bí ẹ bá ka ohun kan níbí tí ẹ̀yin àti ọmọ yín gbádùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú fáìlì. Bí páálí ìwé àtijọ́ kan bá sì wà lórí àjà tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé yín, ẹ má tíì gbé e fún ẹni tó ń fi bébà wé ẹ̀pà tà. Ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ jọ ṣí i wò, kí ẹ sì sọ ẹni tó rà á fún wọn.