Owó Tó Há Sójú Ọ̀nà: Níbo Ni Okùn Ti Já?

Ẹ̀yin ẹbí wa nínú Isilaamu, láti Ìlú-Abo títí dé Oǹdó, irú aáwọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa: báǹkì ti yọ owó lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó yẹ kó gbà á kò sì rí i. Kíá, wọ́n á ti pe oní-POS ní olè.

Owó náà ní ìrìn tó ń rìn. Láti orí fóònù, ó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí kọ̀ǹpútà báǹkì, ó gba ọwọ́ NIBSS tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, kó tó dé báǹkì kejì. Ó lè há síbikíbi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lábẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ àwọn báǹkì kan níbí sì dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀nà ló bàjẹ́ nígbà yẹn. Nígbà mìíràn, ọ̀nà á dára, kọ̀ǹpútà báǹkì ni yóò máa falẹ̀.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Àwọn kan ń dán ọ̀nà wò lóòrèkóòrè, àwọn mìíràn ń ṣọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nínú. Bí wọn kò bá pa àkọsílẹ̀ wọn pọ̀, oníkálukú á ní, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa." Ohun tó ń parí ìjà náà ni wọ́n ń pè ní distributed tracing. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi dán ọ̀nà wò á gbé nọ́ńbà kan dání. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó bá gbà á á kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tó dé àti ìgbà tó kúrò. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ibi tó ti pẹ́ á sì hàn. Ní 2020, àjọ W3C fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí nọ́ńbà náà yóò ṣe máa kọjá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹni tó kéwú mọ irú èyí: isnadi ni. Àwọn onímọ̀ hadiisi máa ń bèèrè ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Bí okùn náà bá já, wọ́n á mọ ojú ibi tó ti já.

Owó tó gba NIBSS kọjá náà ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Session ID ni wọ́n ń pè é, ó jẹ́ nọ́ńbà 30 gbọọrọ, ó sì sábà máa ń wà lórí rìsíìtì. Bí owó bá há, ẹ gbé e lọ sí báǹkì yín kí wọ́n fi tọpa rẹ̀. Kí ẹ tó rí èsì, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí, àbòsí ni.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ òdodo. Aamiin.