Ta Ló Ń Hó ní Gbalasa Òfurufú?

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá gbọ̀ngán Mápó nírọ̀lẹ́ yóò gbọ́ bí Ọjà Ọba ṣe ń hó yèè nísàlẹ̀. Ohùn ẹlẹ́lùbọ́, alágbo àtàwọn tó ń pèrò sí Dùgbẹ̀ ti wọnú ara wọn, kò sẹ́ni tó lè yọ ti ẹnì kan sọ́tọ̀. Irú híhó bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde lóṣù Kẹfà ọdún 2023 pé àwọn rí ẹ̀rí rẹ̀ ní gbalasa òfurufú.

Híhó yìí kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́; ọ̀pọ̀ ìgbì òòfà tó wọnú ara wọn ni. Lọ́dún 1916 ni Albert Einstein ti sọ pé bí ohun tó wúwo bá ń yí ara wọn po, wọ́n á máa rán ìgbì òòfà jáde. Ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà rí ọ̀kan lọ́dún 2015, àmọ́ ìyẹn kọjá kí ojú tó ṣẹ́. Ti 2023 yìí ń fà: ìgbì kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kọjá tán.

Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ṣe aago tó wọ̀n ọ́n. Àwọn kan lára ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pọ́lúsà ń pòòyì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìtànṣán rédíò wọn kì í sì í yẹ àkókò. Bí ìgbì bá ń kọjá, ti òmíràn á yá díẹ̀, ti òmíràn á pẹ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ NANOGrav, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìkéde ọdún 2023 náà, ṣọ́ 68 nínú wọn, àkọsílẹ̀ ọdún 15 sì bá àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hellings àti Downs ṣírò lọ́dún 1983 mu.

Ta wá ni afurasí? Ihò dúdú ló ṣáájú, àwọn òmìrán tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù títí dé bílíọ̀nù. Bí àgbájọ ìràwọ̀ méjì bá kọlu ara wọn tí wọ́n di ọ̀kan, ihò méjèèjì tó wà láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara wọn po. Ṣùgbọ́n ìgbì náà lágbára díẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìṣirò ń retí lọ, ìyẹn ni wọn ò ṣe tíì dá àwọn afurasí yòókù sílẹ̀: bóyá ìyípadà ńlá kan nígbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù, bóyá àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó kù láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìhà tí ìgbì ti ń wá ló lè yanjú ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ ti ìwáṣẹ̀, gbogbo ìhà ló yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ ihò dúdú, àwọn tó sún mọ́ wa á mú kí ìhà kan lágbára ju òmíràn lọ. Àwo rédíò MeerKAT ní South Africa, tó ń ṣọ́ pọ́lúsà 83, rí àmì irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ nínú àbájáde oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àmì náà kò tíì tó dájọ́, àmọ́ ihò dúdú ni wọ́n ṣì ń fura sí jù.